Ìwọ̀n Ẹnu àti Ìwọ̀n Ọwọ́

Ìyá Aránṣọ kì í purọ́, àfi tí téèpù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti yí téèpù náà mọ́ oníbàárà níbàdí, tó sì rí i pé ínǹṣì mẹ́rìndínláàádọ́ta ló gbà, ohùn rara ni yóò fi pè é síta pé, "Méjìlélógójì." Oníbàárà á mí kanlẹ̀. Á wo ara rẹ̀ nínú dígí gígùn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á ní òun náà kúkú mọ̀ pé òun ti ń dín oúnjẹ kù. Ìyá Oníbọ́tìnnì, tó ń gán bọ́tìnnì tó sì tún ń ṣe akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù, á fi báírò búlúù kọ méjìlélógójì sínú ìwé. Ìgbà tí oníbàárà bá ti jáde tán, tí wọn ò gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ mọ́, ni Ìyá Aránṣọ á fa ìwé náà mọ́ra, á mú báírò pupa, á sì kọ mẹ́rìndínláàádọ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti búlúù. Ti búlúù ni ìwọ̀n ẹnu. Ti pupa ni ìwọ̀n ọwọ́. Ti ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé aṣọ.

Ẹnì kankan ò kọ́ ọ. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, omidan kan wá wọn aṣọ ìgbéyàwó. Ìyá Aránṣọ pe ohun tó rí lórí téèpù gan-an, níwájú ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà ọmọ náà. Omijé ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ká aṣọ wọn, ó di ọ̀dọ̀ aránṣọ òpópónà kejì. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹni tó bá ń jiyàn òwe yẹn, kò tíì ránṣọ fún èèyàn rí ni. Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n rèé, ìwé mọ́kànlélógún ló ti kún fún búlúù àti pupa, kò sì sí oníbàárà kan tí aṣọ tí wọ́n fi ti pupa gé há.

Nínú gbogbo wọn, Ọ̀gá Tíṣà nìkan ló máa ń dáhùn bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pe nọ́ńbà rẹ̀. Òun ló jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn òpópónà kó tó fẹ̀yìn tì, obìnrin gíga, tó tóbi, tí àga máa ń kérora lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Aránṣọ á ní, "Mẹ́rìnlélógójì, mà." Ọ̀gá Tíṣà á ní, "Mo ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn." Ọdún ń yí lu ọdún, ọ̀rọ̀ kan náà ni, tirẹ̀ nìkan sì ni ẹnu àti téèpù ti ń ṣọ̀kan. Àfi bí téèpù ṣe kọ́kọ́ rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí. Mẹ́rìnlélógójì di méjìlélógójì. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó di ogójì, ó tún wálẹ̀ di mẹ́tàdínlógójì. Ọ̀gá Tíṣà ò sọ pé ara òun ò yá, Ìyá Aránṣọ náà ò sì béèrè. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Mẹ́rìnlélógójì ló ń pè lọ, ó sì ń gán aṣọ nípọn-nípọn sínú èjìká ẹ̀wù náà kó má baà rọ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́ràn obìnrin yẹn, ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àkọ́bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni.

Àkọ́bí yìí náà ló kó kọ̀ǹpútà wọ ṣọ́ọ̀bù. Injiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé oṣù mẹ́sàn-án ló fi kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìyá rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀ láti oṣù kejì. Èyí àkọ́kọ́ tó gbé wá, ọ́fíìsì kan ló fẹ́ dà á nù. Ó tóbi débi pé wọ́n ní láti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan síta kó tó ráyè. Orí tábìlì iwájú ni wọ́n gbé e sí kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Ìyá Aránṣọ rán aṣọ ìbora fún un, ó fi léèsì sí etí rẹ̀, ó sì wọ̀n ọ́n dáadáa kó tó gé e. Ọdún kan àtààbọ̀ ni kọ̀ǹpútà yẹn fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Iṣẹ́ tó sì ṣe náà ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń gbóná, Ìyá Oníbọ́tìnnì á wá tẹ́ ọrùn ẹ̀wù tí wọ́n fi sítáàṣì sí lé e kó lè tètè gbẹ. Síbẹ̀ ṣe ni àwọn oníbàárà ń fi ọ̀wọ̀ wọlé, tí wọ́n ń ròyìn káàkiri pé ṣọ́ọ̀bù tó ní kọ̀ǹpútà làwọn ti ń ránṣọ. Aránṣọ òpópónà kejì gbọ́, òun náà lọ wá tirẹ̀. Tirẹ̀ ò tilẹ̀ gbóná.

Èkejì kéré, ó ṣeé pa dé bí ìwé. Àsìkò yẹn ni ọmọbìnrin Ìyá Aránṣọ bímọ sí ìlú mìíràn, tí ìyá lọ bá a tọ́jú ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Injiníà ráyè. Ó kó ìwé márùn-ún tó gbẹ̀yìn jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwọ̀n gbogbo oníbàárà sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màámi, nọ́ńbà méjì ló wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Èwo ló tọ̀nà?"

"Méjèèjì ni."

"Àyè kan ṣoṣo ló wà nínú kọ̀ǹpútà, Màámi."

"Kí ló wá dé tó ò ra èyí tó ní àyè méjì?"

"Ó dáa, èwo lẹ kọ́kọ́ máa ń kọ níbẹ̀?"

"Búlúù ni," ni ìyá rẹ̀ wí. Ọmọ tuntun ń ké lẹ́yìn rẹ̀, kò sì fẹ́ tú àṣírí iṣẹ́ lórí fóònù. "Tí mo bá dé, a ó sọ ọ́."

Injiníà ò dúró dìgbà tó dé. Lójú tirẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ni ojúlówó; pupa ni àwọ̀ tí tíṣà fi ń fagi lé àṣìṣe. Ó tẹ búlúù láti òkè délẹ̀. Ìyá Oníbọ́tìnnì jókòó tì í, ó ń wò ó, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè lẹ́yìn náà, ó ní wọn ò fọ̀rọ̀ lọ òun.

Àwọn aránṣọ méjì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ gé aṣọ bí kọ̀ǹpútà ṣe wí. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n rán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ìkankan ò sì wọ ẹni tó ni ín. Alága àwọn onílé, tí ikùn rẹ̀ máa ń dé ìpàdé ṣáájú rẹ̀, na ọwọ́ sókè láti kí àwọn èèyàn, ẹ̀yìn ẹ̀wù náà sì ya láti ọrùn dé ìdí. Ìyá Oníbúrẹ́dì ki orí bọ tirẹ̀ nínú yàrá, kò lè wọ̀ ọ́, kò sì lè bọ́ ọ. Ọmọ rẹ̀ méjì àti aládùúgbò kan ló fà á yọ. Ibi tó wá dùn sí ni pé kò sẹ́ni tó lè bínú. Nọ́ńbà tí wọ́n fi rán aṣọ náà ni nọ́ńbà tí oníkálukú fi etí ara rẹ̀ gbọ́, tó sì ti fi yangàn nílé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ́ wọlé. Alága ní aṣọ òde òní ò dáa mọ́, tó bá ti rí omi báyìí, á sún kì. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní àbúrò òun kan tó sanra díẹ̀ ló fẹ́ yá tòun wọ̀, ṣé wọ́n lè bá òun tú u kó fẹ̀ sí i. Ìyá Aránṣọ tú gbogbo rẹ̀, ó tún un rán lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì bá wọn bú aṣọ òde òní.

Ìgbà yẹn ló tó pe Injiníà jókòó, tó ṣàlàyé búlúù àti pupa fún un. Injiníà wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé bàbá rẹ̀ kọ́ ni bàbá rẹ̀.

"Màámi, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ ti ń parọ́ fún àwọn èèyàn?"

"Irọ́ kọ́. Ìkíni ni. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo jí, kí lo máa ń sọ?"

"Mo máa ń ní dáadáa ni."

"Ṣé ojoojúmọ́ lò ń jí dáadáa?"

Injiníà ò gbà. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í kí èèyàn, òótọ́ nìkan ló mọ̀. Ìyá rẹ̀ ní ìdí nìyẹn tóun fi ń daṣọ bo èyí àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta ò sí nínú àpótí kankan, inú fóònù ló ń gbé. Áàpù ni. Injiníà lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì, ó sì gbé ìwé ẹ̀rí dé, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá tí òun alára ò tíì mọ ibi tóun máa lò wọ́n sí. Ó yọ gbogbo búlúù kúrò, pupa nìkan ló kó sínú áàpù náà. Ó fi àjákù aṣọ di ìwé mọ́kànlélógún yẹn pọ̀, ó tì wọ́n sábẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ, níbi tí àkísà ń gbé. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí? Ìyá Aránṣọ gbà fún un torí pé aṣọ ò há mọ́, àti torí pé àríyànjiyàn ti sú u. Ó ń pe ti ẹnu lọ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, Ìyá Oníbọ́tìnnì sì ń tẹ ti ọwọ́ sínú fóònù lẹ́yìn tí oníbàárà bá lọ. Áàpù fúnra rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí wọn pé aṣọ yín ti parí, ẹ kú ọjọ́ ìbí. Ìyá Oníbúrẹ́dì tilẹ̀ ní ó ń rántí ọjọ́ ìbí òun ju ọkọ òun lọ.

Àsìkò yìí ni Ọ̀gá Tíṣà gbé aṣọ aláwọ̀ ewé kan wá. Ilé-ìwé rẹ̀ fẹ́ pé ogójì ọdún, wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn tuntun, ó sì gbọ́dọ̀ dúró lórí pèpéle níwájú gbogbo àwọn tó ti kọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù.

"Rán an dáadáa," ló wí. "Rán an kí wọ́n lè dá mi mọ̀."

Ìyá Aránṣọ wọ̀n ọ́n. Téèpù ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹnu ní mẹ́rìnlélógójì.

"Mo ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn," ni Ọ̀gá Tíṣà wí. Ó di etí tábìlì mú kó tó lè yí padà. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun á wá dán an wò.

Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ náà, áàpù ti kọ́ nǹkan tuntun. Àwọn tó ṣe é ló fi kún un láti ibi tí wọ́n wà, wọn ò sì fọ̀rọ̀ lọ Injiníà, gẹ́gẹ́ bí òun náà ò ṣe fọ̀rọ̀ lọ Ìyá Oníbọ́tìnnì nígbà kan. Ó fi ìwọ̀n tuntun wé ìwọ̀n àtẹ̀yìnwá, ó wá ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú pẹ̀lú iye tirẹ̀. Ti Alága kà báyìí: "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ìbàdí yín ti fi ínǹṣì márùn-ún lé sí i láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹ tẹ ibí láti wo àwòrán rẹ̀." Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á rí ìlà pupa kan tó ń gòkè. Alága rí i pé òun kì í ṣe méjìlélógójì, òun ò sì tíì jẹ́ ẹ láti ìgbà tóun ti di alága. Ìyàwó Dókítà ti fi nọ́ńbà fóònù ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba nọ́ńbà. Ọkọ ló ka tirẹ̀ fún un nídìí oúnjẹ àárọ̀, níwájú àwọn ọmọ. Aago mẹ́wàá ò tíì lù tí ṣọ́ọ̀bù ti kún. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Ìyá Aránṣọ ò gbọ́ ìkankan nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Ó fa Injiníà wọ yàrá ẹ̀yìn.

"Èyí tó lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Tíṣà ńkọ́? Kà á fún mi."

Injiníà wá a jáde. Ojú rẹ̀ tilẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. "Tiwọn ló dáa jù níbẹ̀, Màámi. Ó ní, 'A bá yín yọ̀. Ẹ ti fi ínǹṣì mẹ́wàá dín kù. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.'"

Ìyá Aránṣọ jókòó sórí ìdì aṣọ tó wà nílẹ̀.

"Ara wọn ò yá, ọmọ mi," ló wí. "Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ara wọn ò ti yá."

Injiníà tún iṣẹ́ náà kà, lọ́tẹ̀ yìí kò kà á sókè. Áàpù ti fi àwòrán òdòdó parí rẹ̀. Ó béèrè bóyá àwọn lè pè é padà, ó sì mọ̀ pé òun gan-an ló yẹ kó mọ ìdáhùn. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀ kò ṣeé kó. Ìyá rẹ̀ dìde, ó jáde lọ sọ fún àwọn èèyàn pé kí gbogbo wọn wá lọ́jọ́bọ̀, òun á tún wọn wọ̀n.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó mú ọ̀nà ilé Ọ̀gá Tíṣà pọ̀n. Ó dé ẹnu géètì, ó dúró díẹ̀, ó sì padà. Ẹnu tó fi ń pe nọ́ńbà láti ọjọ́ yìí wá, kò mọ bó ṣe máa fi bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, àga ò tó. Alága wà níbẹ̀, Ìyá Oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀, Ìyàwó Dókítà náà wà níbẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ ewé náà wà lórí ìkọ́, wọ́n ti gán an tán, ó ku kí ẹni tó ni ín dé.

"Ìyá Aránṣọ," ni Alága wí, "ẹ bá wa sọ ọ́. Nínú ẹ̀yin àti kọ̀ǹpútà, ta ló ń parọ́?"

Ẹnu ọ̀nà ni Ìyá Aránṣọ ń wò. Ohun kan ṣoṣo ló ń gbàdúrà fún, kí obìnrin yẹn ṣáà wọlé, ì báà jẹ́ èébú ló fẹ́ bú òun.

Ó wọlé lóòótọ́, ó ń tẹ ọ̀pá. Gbogbo wọn dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ìdajì wọn ló ti jẹ pàṣán rẹ̀ rí. Ó wo ojú wọn yíká, ó yọ fóònù jáde nínú àpò.

"Mo rí iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi. Ta ló kọ ọ́?"

Injiníà dìde lẹ́yìn tábìlì. "Kọ̀ǹpútà ni, mà."

"Ta ni mo ní ó kọ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Ìṣirò rẹ̀ pé," ni Ọ̀gá Tíṣà wí. "Nígbà tó o wà lọ́dọ̀ mi, o kì í gbà á báyìí."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà yíjú sí Ìyá Aránṣọ.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ẹni tí òrùka rẹ̀ ń bọ́ sínú omi ọṣẹ, ṣé kò ní mọ̀? Àwọn dókítà ọsibítù ń sọ òótọ́ fún mi. Òṣùwọ̀n wọn ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ mi ò sọ ọ́, àmọ́ mò ń rí i lójú wọn. Ibí yìí nìkan ló kù tí mo ti jẹ́ mẹ́rìnlélógójì. Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi?"

Omi bọ́ lójú Ìyá Aránṣọ, kò sì nù ún.

"Má sunkún sórí aṣọ mi," ni Ọ̀gá Tíṣà wí. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé Alága lọ́wọ́, ó na apá méjèèjì. "Wọ̀n mí."

Ìyá Aránṣọ yí téèpù mọ́ ọn. Téèpù ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Gbogbo ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ló ti mọ bí ìwọ̀n ẹnu ṣe ń lọ báyìí, gbogbo wọn ló sì ń wo ẹnu rẹ̀.

"Mẹ́rìnlélógójì, mà."

Alága wúkọ́. Ó mú ọ̀pá náà dání dáadáa. "Ọ̀gá," ló wí, "ẹ ò yí padà rárá."

"Rárá o," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí.

"Mo ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn," ni Ọ̀gá Tíṣà wí.

Injiníà gbé fóònù sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì, ó tú àjákù aṣọ tó fi di àwọn ìwé, ó fa èyí tó gbẹ̀yìn yọ. Ìyá Oníbọ́tìnnì na báírò búlúù sí i kó tó béèrè. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí obìnrin náà kọ́ ọ.

Nígbà tí Ọ̀gá Tíṣà dán aṣọ wò tán tó sì lọ, Alága ló kọ́kọ́ dìde. Ó dúró níwájú dígí, ó na apá méjèèjì. "Ó kàn mí," ló wí. "Ẹ pè é sókè dáadáa." Ìyá Oníbúrẹ́dì ní òun ló kàn, òun ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ.

Oṣù mẹ́rin ni Injiníà fi kọ́ áàpù tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní àyè méjì. Ti búlúù ló ń lọ sórí fóònù oníbàárà. Ti pupa kì í jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọgbọ́n òde òní nìyẹn, ìyá rẹ̀ á sì máa gán aṣọ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Aránṣọ òpópónà kejì ti ra tirẹ̀.

Ọ̀gá Tíṣà wọ aṣọ aláwọ̀ ewé náà lọ síbi ayẹyẹ. Ó dúró lórí pèpéle, wọ́n sì dá a mọ̀. Ìgbà tí ọdún yẹn ń parí lọ ló kú. Níwájú orúkọ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, mẹ́rìnlélógójì ló wà ní àyè búlúù. Wọn ò kọ nǹkan kan sí ti pupa. Ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, áàpù náà á béèrè pé àyè kan ṣófo lọ́dọ̀ oníbàárà yìí, kò sì wá mọ́, ṣé kí òun yọ ọ́ kúrò? Injiníà á tẹ Rárá, á sì lọ ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.